Fádípẹ̀ àti Ìwé Tí Ó Pẹ́ Kí Ó Tó Jáde

Bí ọkọ̀ tòmátì láti Òkè Ọya bá ti ń já ẹrù ní Máìlì 12, ẹ ó rí àwọn ìyá ọlọ́jà Ifákọ̀ àti Kétu tí wọ́n ń dá èésú: oníkálukú a dá iye kan náà, wọn a sì kó gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí ó kàn, títí yóò fi kárí. Àṣà yìí, pẹ̀lú àárò tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko, àti ìwọ̀fà tí ajigbèsè fi ń sin olówó láyé àtijọ́ dípò èlé títí yóò fi san ojú owó, wà lára ohun tí Nathaniel Akínrẹ̀mí Fádípẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, fi ọgbọ́n orí wádìí.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1893. Ó kàwé ní London School of Economics, ó kọ́ni ní Achimota ní Gold Coast, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìgbé ayé Yorùbá. Àlejò lójú, kò fi ríran. Onílé ni Fádípẹ̀, ohun tí ó rí sì jinlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ikú dóró. Ó papòdà ní 1944, iṣẹ́ rẹ̀ yìí kò sì jáde bí ìwé títí di 1970, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Òkédìjí méjì tún un tò, tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí dọ́kàn: láàárín ọdún 26 yẹn, ọ̀pọ̀ àgbà tí ì bá fi ẹnu ara wọn jẹ́rìí sí i ti re ibi àgbà ń rè.