Ọ̀tọ̀ ni Ìbò, Ọ̀tọ̀ ni Ìjókòó: Ìwádìí Èrò Olùdìbò àti Ìdìbò Aṣòfin Ilẹ̀ Faransé

Láti ìgbà tí wọ́n ti ka ìbò aṣòfin ilẹ̀ Faransé ti ọjọ́ 7 oṣù Keje, ọdún 2024 tán, ẹ̀sùn kan náà ni àwọn oníròyìn àti àwọn akẹgbẹ́ wa kan fi ń kan àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí èrò olùdìbò: wọ́n ní iṣẹ́ wọn ti dojú dé. Rassemblement National (RN), ẹgbẹ́ apá ọ̀tún paraku, tí wọ́n ní yóò gba iwájú ló wá ṣe ipò kẹta, òun àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ní ìjókòó 143. Nouveau Front populaire, àjọṣe apá òsì, ní 182, ẹgbẹ́ Ààrẹ Macron ní 168. Èmi kò gba ẹ̀sùn náà wọlé bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n pa pọ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀kan ni bíbi olùdìbò léèrè ẹni tí yóò dìbò fún. Èkejì ni fífi ìdáhùn yẹn ṣírò iye ìjókòó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní. Ti àkọ́kọ́ yege dé àyè kan. Èkejì ló ṣubú, ohun tó sì kọ́kọ́ bì í ṣubú kò sí lọ́kàn olùdìbò rárá.

Lórí ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ṣáájú ìpele kìíní, bíi 36% ni ọ̀pọ̀ ìwádìí fún RN àti àwọn alájọṣe rẹ̀, 28% sí 29% fún apá òsì, 20% sí 21% fún ẹgbẹ́ ààrẹ. Ohun tó jáde nínú àpótí ni 33%, 28% àti ohun tó lé díẹ̀ ní 20%. Àṣìṣe ti RN yẹn kì í ṣe kékeré, ó sì yẹ kí àwọn tó ṣe é wá ojútùú sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwádìí ti sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ibi tí ìbò ti ń di ìjókòó. Ọdún 1986 àti 1988 fi èyí hàn ju àríyànjiyàn èyíkéyìí lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í sábà gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní 1986, iye ìbò ni wọ́n fi pín ìjókòó: Front national, ẹgbẹ́ tó di RN lónìí, gba ìbò tó súnmọ́ 10%, ó sì rí ìjókòó 35. Ní 1988, wọ́n ti padà sí ìdìbò onípele méjì, tí ẹnì kan ṣoṣo ń wọlé ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Ìbò ẹgbẹ́ náà ní ìpele kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá, síbẹ̀ ìjókòó kan ṣoṣo ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Òfin ló yí padà. Ẹni tó bá ṣe ìwádìí tó péye jù lọ láyé lórí ìbò 1988, tí kò sì mọ ohun tí òfin yóò fi ìbò náà ṣe, iye tó tọ́ ni yóò fi sọ ohun tí kò tọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní 2024. Ní ìpele kejì, RN àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ló ní ìbò jù lọ káàkiri orílẹ̀-èdè, nǹkan bíi 37%. Ipò kẹta ni wọ́n sì ṣe nínú ilé. Àgbègbè ìdìbò 577 ló wà. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá bi ènìyàn 2,000 léèrè, kò tó ènìyàn mẹ́rin tó kan àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Ta ló lè ti ẹnu ènìyàn mẹ́ta mọ ẹni tí àgbègbè kan yóò yàn? Àbá ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà: àbá nípa ẹni tí yóò dúró di ìpele kejì, àti àbá nípa ibi tí àwọn tí olùdíje wọn ti ṣubú yóò da ìbò wọn sí. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń bi àwọn ènìyàn léèrè nípa èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Ṣùgbọ́n ìdíje tí kò tíì sí ni wọ́n ń béèrè rẹ̀.

Èyí ló gbé mi dé ohun tí àwọn tó ń kọ̀wé lórí 2024 ń fò kọjá: aago. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù Kẹfà, ọjọ́ ìpele kìíní, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí Ipsos gbé ìṣirò jáde pé RN àti àwọn alájọṣe rẹ̀ yóò ní ìjókòó 230 sí 280. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Keje, sì ni gbèdéke tí àwọn olùdíje ní láti forúkọ sílẹ̀ fún ìpele kejì. Láàárín ìgbà náà, olùdíje tó lé ní 200 fà sẹ́yìn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láti apá òsì àti ẹgbẹ́ ààrẹ, kí ìbò má baà pín níwájú RN. Àgbègbè 306 tí olùdíje mẹ́ta ìbá ti dojú kọ ara wọn dín kù sí 89. Ní ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Keje, Ipsos kan náà wá sọ pé 175 sí 205.

Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ìṣirò méjèèjì. Ṣé àwọn ará Faransé pa èrò dà láàárín ọjọ́ márùn-ún ni? Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà wá láti orí orúkọ àwọn olùdíje: orúkọ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú ti kúrò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìdíje tí kò wáyé ni wọ́n ṣírò lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn. Ohun tó ṣẹ́ kù, láti 175 wá sí 143, ni a lè pè ní àṣìṣe lórí olùdìbò: àwọn ti apá òsì àti ti àárín jẹ́ ìpè láti dènà RN ju bí wọ́n ti sọ ọ́ fún olùwádìí lọ.

Àwọn kan yóò ní ojúsàájú sí RN ló fà á. Ọdún 2022 já wọn nírọ́. Nígbà náà, àárín 20 sí 50 ni ọ̀pọ̀ ìṣirò tó jáde wà fún RN. 89 ló wọlé. Ní ọdún yẹn, ó lé ní ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tí kò jáde dìbò ní ìpele kejì, kò sì sí ìpè kan tó dún ketekete káàkiri pé kí gbogbo ènìyàn pawọ́ pọ̀ dènà RN. Nítorí náà, nígbà kan wọ́n dín in kù, nígbà kejì wọ́n bù kún un, ibì kan náà sì ni àṣìṣe lórí olùdìbò ti wá nígbà méjèèjì: ohun tí ẹni tí olùdíje rẹ̀ ti ṣubú yóò ṣe.

Mo ní gbólóhùn kan fún àwọn ọmọlẹ́yìn Bourdieu, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Faransé. Láti ìgbà tí àpilẹ̀kọ rẹ̀, “L'opinion publique n'existe pas” (“Èrò gbogbo ìlú kò sí”), ti jáde ní 1973, ó ti di àṣà láti fi í dá gbogbo ìwádìí èrò lẹ́bi láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó tọ̀nà lórí ìbéèrè tí olùwádìí fúnra rẹ̀ hùmọ̀, tó gbé síwájú ẹni tí kò ronú kàn án rí. Ìdìbò kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ló bi gbogbo ìlú ní ìbéèrè yẹn, òfin náà ló sì ní ìbò ọlọ́jà àti ti ọ̀jọ̀gbọ́n dọ́gba. Ìbáwí tó yẹ ìṣirò ìjókòó kò sí nínú àpilẹ̀kọ náà; àwọn tó ń fi í jagun lórí 2024 ń tafà síbi tí ọ̀tá kò sí.

Ti ìṣirò aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ ìpele kejì tún yàtọ̀, nítorí ìwé ìbò tí wọ́n ti kà ní àwọn ibùdó kan ni wọ́n fi ń ṣe é. Ti ọjọ́ 7 oṣù Keje ṣe déédéé, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀.

Ìbéèrè kan ń fà mí: ṣé ìṣirò 230 sí 280 yẹn gan-an ló pa ara rẹ̀? Ìjókòó 289 ni ẹgbẹ́ kan nílò láti ní ju ìdajì ilé lọ. Àwọn tó fà sẹ́yìn gbọ́ pé RN ti súnmọ́ ọn. A kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pátápátá, nítorí ìgbìyànjú láti dènà ẹgbẹ́ yìí ti wà ṣáájú, ó kéré tán láti 2002. Síbẹ̀, mo gbà á gbọ́. Ìṣirò ìjókòó kì í ṣe òǹwòran nínú ìdìbò. Ó ti wọ agbo.

Òfin ọjọ́ 19 oṣù Keje, 1977, tó dá Commission des sondages, àjọ tó ń ṣọ́ ìwádìí èrò, sílẹ̀, fòfin de títẹ ìwádìí jáde ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdìbò. Àtúnṣe 2002 dín in kù sí ọjọ́ tó ṣáájú àti ọjọ́ ìdìbò fúnra rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àpótí ìbò ni òfin náà ń ṣọ́. Kò ṣọ́ àárín alẹ́ ìpele kìíní sí gbèdéke ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí ìṣirò ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Kí àwọn aṣòfin ilẹ̀ Faransé fòfin de títẹ iye ìjókòó jáde ní àkókò yẹn, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ìwádìí ìbò. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ yé fi iye ìjókòó díwọ̀n àwọn tó ń bi olùdìbò léèrè ìbò wọn.