Bí Ọwọ́ Awakọ̀ Ṣe Ń Dé Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Irin kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ó wà lábẹ́ ọkọ̀ níbi tí ojú kì í dé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo ará inú ọkọ̀ so mọ́ ọn. Òun ni ó so sítíárìn tí ń bẹ lọ́wọ́ awakọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀. Àwọn mẹ́káníìkì wa ń pè é ní táí-ròòdù. Irin yìí ní ìtàn, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ẹṣin ni ń fa ọkọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù, igi gbọọrọ kan ni wọ́n fi so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀, tí wọ́n sì kàn án mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ní àárín. Bí ẹṣin bá yà, igi náà lódindi ni yóò yí. Bí ó bá yà jù, ọkọ̀ a dojú dé.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ dán èyí wò. Kí ẹni méjì di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí wọ́n rìn yí igi kan ká. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yóò máa rìn ní òbìrí kékeré, ẹni tí ó wà lóde yóò máa rìn ní òbìrí ńlá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ rí. Ẹsẹ̀ ti inú gbọ́dọ̀ yí ju ti òde lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kan nínú wọn yóò máa wọ́ nílẹ̀.

Erasmus Darwin, oníṣègùn ará Ìlú Ọba, ti ro ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí ọdún 1759. Ṣùgbọ́n Georg Lankensperger, tí ń kan ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ní ìlú Munich ní Jámánì, ni iṣẹ́ náà yọrí sí rere lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa yí lórí ìdè tirẹ̀, ó sì fi ọ̀pá so méjèèjì pọ̀. Rudolph Ackermann, aṣojú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1818. Ẹ wo ayé bí ó ti rí: orúkọ aṣojú ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ náà títí di òní.

Nígbà tí Carl Benz gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ rẹ̀ ní 1886, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni ó ní, nítorí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú méjì yóò fi máa yà kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó di 1893 kí ó tó fi ẹsẹ̀ kẹrin kún un. Ọ̀pá bíi ti ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń darí ọkọ̀. Ní 1894, nínú ìdíje láti Paris dé Rouen, Alfred Vacheron gbé ọkọ̀ tí ó ní sítíárìn roboto jáde.

Ṣùgbọ́n níbi tí oríkèé bá wà, irin a máa jẹ irin. Lára ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀pá irin tí ó dúró ṣánṣán ni ẹsẹ̀ ń yí lé lórí. Bí ó bá jẹ tán, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní irinṣẹ́ ńlá. Lẹ́yìn náà ni oríkèé roboto dé, tí ó dà bí oríkèé itan ènìyàn. Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó láti ti ọdún 1966.

Ìjàpá bàbá mi ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Sítíárìn rẹ̀ ti dẹ̀, bàbá ní, "Ó ṣì ń lọ." A ti Ìbàdàn dé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí bàbá ti ń fi ẹ̀yìn rìn jáde ní àgbàlá, orí táí-ròòdù já. Ẹsẹ̀ kan kọjú sí ìlà-oòrùn, èkejì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó wò ó, kò lè sọ̀rọ̀. Ká ní ní ojú ọ̀nà lálẹ́ àná ni, èmi kọ́ ni ẹ̀ bá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí.

Nítorí náà, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, kí ẹ sì fi ìdúró irin gbè é. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ mì ín. Bí ó bá ń mì, ẹ fura sí táí-ròòdù. Ẹ di í mú lókè àti nísàlẹ̀: bí ó bá mì, oríkèé ńlá tàbí bíárìnì ni.

Orí táí-ròòdù ṣe é pààrọ̀ nílé. Ẹ yọ pínnì kékeré tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì. Orí irin náà há. Ẹ̀gbẹ́ ojú ihò rẹ̀ ni kí ẹ fi òòlù lù, kì í ṣe orí ìdè. Bí ẹ bá ń yí ti àtijọ́ kúrò, ẹ ka iye ìgbà tí ó yí kí ó tó bọ́. Iye kan náà ni kí ẹ fi yí tuntun wọlé. Pínnì tuntun ni kí ẹ fi sí i, ẹ má lo ti àtijọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣe aláìmẹ́ǹtì, kí ó wọn bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe dojú kọ ọ̀nà. Ojú lásán kò lè wọn ìyẹn.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí sítíárìn bá bẹ̀rẹ̀ sí dẹ̀, ẹ má ṣe wí pé ó ṣì ń lọ. Ó dàbọ̀ o.