Àga Gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ àti Bí Náírà Ṣe Rẹ̀yìn

Àríyànjiyàn tó ń lọ lórí náírà láti ọdún 2023 ti di ọ̀rọ̀ orúkọ àwọn gómìnà báǹkì àpapọ̀. Àwọn kan ní Godwin Emefiele ló ba owó náà jẹ́. Àwọn kan ní ìgbà tí Olayemi Cardoso dé ló tó wó lulẹ̀ pátápátá. Àwọn mìíràn ń rántí Charles Soludo àti Sanusi Lamido Sanusi bí ẹni pé tí wọ́n bá dá wọn padà sórí àga, dọ́là yóò wálẹ̀ lọ́la. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín yàtọ̀ sí èyí. Kì í ṣe náírà ló kọ́kọ́ rẹ̀yìn. Òfin tó dáàbò bo àga gómìnà báǹkì àpapọ̀, tó sì tún de gómìnà náà lọ́wọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ di yẹpẹrẹ. Náírà wulẹ̀ tẹ̀ lé e ni. Ogbooro la ó ti yẹ àbájáde rẹ̀ wò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, ní Òkè-Ògùn. Ìlú àgbẹ̀ tó ń fi owó ọwọ́ ná ọjà ni ìpinnu Àbújá ti máa ń hàn kedere jù lọ.

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959 ni báǹkì àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kan, Roy Fenton, ni gómìnà àkọ́kọ́, kí Aliyu Mai-Bornu tó gba ipò náà ní 1963. Náírà fúnra rẹ̀ dé ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan. Owó epo rọ̀bì ló gbé e dúró láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Ní 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ dáadáa, ó sì ju 300 sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní ilẹ̀ Benin lọ. Oníṣòwò Ṣakí tó bá kọjá sí ilẹ̀ Benin nígbà náà, olówó ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n agbára ọ̀hún kò ti inú ohun tí a ń pèsè wá. Ìjọba ló ń pàṣẹ iye tí wọ́n máa ṣẹ́ dọ́là, báǹkì àpapọ̀ sì ń mú àṣẹ náà ṣẹ. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, àṣẹ nìkan kò tó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Babangida ṣí ọjà kejì fún pàṣípààrọ̀ owó òkèèrè, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Nígbà Abacha, wọ́n so dọ́là mọ́ náírà 22 nínú ìwé, nígbà tí wọ́n ń tà á ní ìgboro ní ohun tó ju ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn lọ. Ẹni tó bá mọ ènìyàn a ra ti ìwé, a sì tà á ní ìgboro. Àlàfo àárín iye méjèèjì di ẹ̀bùn tí ìjọba ń pín, báǹkì àpapọ̀ sì ni wọ́n ń gbà á pín in.

Òfin ọdún 2007 ni ó yẹ kó fòpin sí irú èyí. Ó fún gómìnà ní sáà ọdún márùn-ún tí wọ́n lè tún ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Ààrẹ ló ń yàn án, àmọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí Ààrẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́ kí sáà rẹ̀ tó pé, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin kan náà de báǹkì lọ́wọ́: kò gbọdọ̀ yá ìjọba àpapọ̀ ní owó tó ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wọlé fún ìjọba ní ọdún tó ṣáájú, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san án padà kí ọdún tó parí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ààbò náà wà. Gómìnà kò ní máa bẹ̀rù pé wọ́n lè lé òun láàárọ̀ ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò ní sọ àpótí ìlú di ti ara rẹ̀ tàbí ti ẹni tó yàn án.

Fún ìgbà díẹ̀, ètò yìí dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007 kan náà, Soludo kéde pé òun máa yọ òdo méjì kúrò lára náírà. Ìjọba Yar'Adua dá a dúró nítorí pé Ààrẹ kò tíì fọwọ́ sí i, ó sì gbà. Ní 2012, Sanusi fẹ́ gbé owó 5,000 náírà jáde. Aráàlú fárígá, Ààrẹ Jonathan sì ní kí wọ́n so ó rọ̀. Àṣìṣe lè wà nínú èrò méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n jiyàn, wọ́n sì parí rẹ̀ láìsí ẹni tó fi àga rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí nǹkan ti yí ni ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 2014. Sanusi ti sọ fún àwọn aṣòfin pé ogún bílíọ̀nù dọ́là owó epo kò dé àpò ìjọba. Jonathan dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí sáà rẹ̀ parí. Bóyá Sanusi tọ̀nà lórí iye náà, ìyẹn lọ́tọ̀. Ohun tó kàn wá ni pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin béèrè kí wọ́n tó yọ gómìnà, ìjọba sì rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà yọ ọ́ láì pè é ní yíyọ. Wọn kò wọ́gi lé òfin náà. Wọ́n kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga yẹn mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sókè.

Emefiele gba àga ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ní 2019 wọ́n tún un yàn, òun sì ni gómìnà àkọ́kọ́ tó gba sáà kejì láti 1999. Ó ṣòro láti ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó gbà fún ìjọba. Iye dọ́là di oríṣiríṣi: iye kan fún ilé iṣẹ́, iye kan fún arìnrìn-àjò, òmíràn ní ìgboro. Owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ báǹkì, èyí tí wọ́n ń pè ní Ways and Means, kọjá ìdá márùn-ún lọ jìnnà réré, títí ó fi ju tírílíọ̀nù 22 náírà lọ, tí Ilé Aṣòfin sì sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ìjọba tó ń ná owó báyìí kò yàtọ̀ sí àgbẹ̀ tó ń se eébù jẹ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: ebi kò pa á lónìí, ṣùgbọ́n òjò máa rọ̀, kò sì ní rí nǹkan kan gbìn. Ní 2022, wọ́n ra fọ́ọ̀mù ìdíje ipò Ààrẹ lórúkọ gómìnà báǹkì àpapọ̀ nínú ẹgbẹ́ APC, òun fúnra rẹ̀ sì lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n má bàa dá òun lọ́nà nígbà tí òun ṣì wà lórí àga. Kò sí ẹni tó yọ ọ́ nítorí èyí. Wọ́n ti lé ẹni tó ta ko ìjọba. Ẹni tó fẹ́ di ìjọba, wọ́n fi í sílẹ̀.

Ìyípadà owó wá bọ́ sí orí irú ilẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 2022, Emefiele kéde pé wọ́n máa tún 200, 500 àti 1,000 náírà ṣe. Àlàyé rẹ̀ ní ìtumọ̀: nínú tírílíọ̀nù 3.2 náírà tó wà lóde, èyí tó ju tírílíọ̀nù 2.7 lọ kò sí nínú báǹkì. Ayédèrú owó ń pọ̀, àwọn ajínigbé sì ń gba owó ọwọ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, mínísítà fún ètò ìnáwó, Zainab Ahmed, sọ fún àwọn aṣòfin pé wọn kò bá iléeṣẹ́ òun jíròrò rẹ̀. Muhammadu Buhari, Ààrẹ nígbà náà, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1984 gẹ́gẹ́ bí ológun, tí wọ́n yí àwọ̀ owó padà, tí wọ́n sì ti ẹnubodè pa. Ó tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìlú dìbò yàn, ní bí oṣù mẹ́rin ṣáájú ìdìbò. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní ni gbèdéke, wọ́n sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Àwọn ènìyàn kó owó àtijọ́ lọ sí báǹkì. Owó tuntun kò tó. Nígbà tó fi di oṣù kejì, gbogbo owó tó wà lóde ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tírílíọ̀nù kan.

Ní Òkè-Ògùn, àkókò tí àgbẹ̀ ń ta ohun tó kó ni. Iṣu wà nínú àká, àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà wà nínú àpò, kajú ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ọjọ́ ọjà ní ìlú bí Ogbooro. Aláròóbọ̀ tó gbé ọkọ̀ wá láti Ìbàdàn ní owó, àmọ́ inú báǹkì ló wà. Ó ní kí àgbẹ̀ mú nọ́ńbà àkáǹtì wá. Àgbẹ̀ kò ní. Ó ní kí wọ́n san án sí ti ọmọ òun. Wọ́n tẹ fóònù, nẹ́tíwọ̀kì kò dáhùn. Wọ́n tún un tẹ̀, owó kúrò ní ọ̀dọ̀ ẹni tó san án, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń retí. Ọ̀sán pọ́n. Dírẹ́fà ń fọn fèrè. Ẹnì kejì dé, owó ọwọ́ ló mú dání, ó sì ní ìdajì iye tí wọ́n jọ ń nàjà lé lórí ni òun máa san. Àgbẹ̀ gbà á. Bó bá sì jẹ́ pé owó dé inú fóònù, oníPOS ló kù: ẹni tó máa ń gba 100 náírà lórí 5,000 tẹ́lẹ̀ ń gba 1,000, ní àwọn ibòmíràn ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá kan nínú márùn-ún ni èyí, wọ́n sì ń san án láti gba owó ara wọn.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2023 pé owó àtijọ́ ṣì tọ́ láti ná títí di ìparí ọdún náà. Báǹkì àpapọ̀ kò sọ nǹkan kan títí di ọjọ́ kẹtàlá. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé fara balẹ̀ gbé yẹ̀ wò: àwọn oníṣòwò kọ owó tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ó tọ́, nítorí pé wọn kò mọ̀ bóyá báǹkì máa gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kejì. Ìgbàgbọ́ ló ń mú kí bébà di owó. Ohun tó fọ́ ní oṣù kẹta náà ni ìgbàgbọ́ yẹn, kò sì sí lára ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé ìṣirò iye dọ́là.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, Ààrẹ tuntun, Bola Tinubu, dá Emefiele dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀, ìdí sì wà fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ òfin tí Jonathan gbà náà ni wọ́n tún gbà. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Ìpinnu tó tóbi jù lọ lórí owó láti 1986 wáyé lábẹ́ adelé, Folashodun Shonubi, nígbà tí kò sí gómìnà tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí. Dọ́là tó wà ní bíi 471 náírà kọjá 600 lọ́jọ́ kan náà. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500.

Cardoso, tó gba iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, bá ilé tó ti jó. A gbọ́dọ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: àlàfo tó wà láàárín iye ìwé àti iye ìgboro fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ sì dí. Àwọn tó ń ta kò ó náà kò tọ́ka sí nǹkan kékeré. Kí ọdún 2024 tó parí, èlé tí báǹkì àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ti dé ìdá 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀wọ́ngógó ọjà sì dé ìdá 34.80 ní oṣù kejìlá. Àgbẹ̀ Ogbooro kò lè yá owó ní irú èlé bẹ́ẹ̀. Oògùn pakoríko àti ajílẹ̀ tó ń rà, dọ́là ló ń pinnu iye wọn. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń ta kajú rí náírà púpọ̀ sí i, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ kì í ta ohun tó ń lọ sókè òkun. Láti ìhà ibodè, sẹ́fà kan ti ju náírà méjì lọ. Ẹni tó mú un wá lè ra àgbàdo Òkè-Ògùn ní ìrọ̀rùn ju ẹni tó ń gbowó oṣù ní Ìbàdàn lọ. Èyí kì í ṣe ìdí láti máa yin sẹ́fà, tí wọ́n gé sí ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1994. Ó kàn ń fi hàn bí ọ̀nà tí náírà ti rìn wálẹ̀ láti 1980 ṣe jìn tó ni.

Ẹni tó fi 100,000 náírà pamọ́ ní oṣù tí Emefiele gorí àga, ohun tó ju 600 dọ́là ló fi pamọ́. Ní ìparí 2024, ó ku bíi 65. Owó èsúsú ni ti ẹlòmíràn, owó ìsìnkú ìyá ni ti ẹlòmíràn, wọn kò jí i, wọn kò ná an. Wọ́n gbé Emefiele lọ sílé ẹjọ́ ní 2024 lórí bí wọ́n ṣe tẹ owó tuntun náà, ó sì ní òun kò jẹ̀bi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ títí ìjọba yóò fi tẹ̀ lé ìlànà. Ó dunni, kò sì sí ọ̀nà tí a lè gbà sọ ọ́ kó má dunni: àgbẹ̀ tó ta iṣu rẹ̀ ní ìdajì ní oṣù kejì yẹn, owó tí wọ́n ní kó tètè kó wá kí ó má bàa di bébà lásán, òun náà ni a ṣì ń ná.