Kóló Saruni àti èsúsú wa

Ìwé àwòrán ọmọdé kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Tololwa Mollel, ọmọ Tanzania, ló kọ My Rows and Piles of Coins lọ́dún 1999, E. B. Lewis ló ya àwòrán rẹ̀. Saruni máa ń bá ìyá rẹ̀ gbẹ́rù lọ sọ́jà. Ìyá á fún un lówó ẹyọ, àmọ́ kò ní fi ra nǹkan jẹ, ó ń tọ́jú ẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ ló fẹ́ rà, kó lè máa fi ran ìyá lọ́wọ́. Ìgbà tó kówó dé ọjà, ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ fi í rẹ́rìn-ín: owó ò tó! Bàbá rẹ̀ ló wá ta kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ fún un, ó sì dá owó náà padà fún un, nítorí ó ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Èyí ò ṣàjèjì sí wa. Samuel Johnson kọ nípa èsúsú sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: iye kan náà ni kálukú ń dá, wọ́n á sì máa kó o ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ó dé Trinidad pàápàá. "Susu" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Nígbà kan, ọmọ ń rí owó tí ìyá ń kà. Ní báyìí, orí fóònù la ti ń dá àjọ. Kí lọmọ máa rí kọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra kóló fún wọn, kí wọ́n sì mọ ohun tẹ́ ẹ jọ ń tọ́jú owó fún. Ọjà á tà o.