Fáànù Hítà Ọkọ̀ Tó Kọ̀ Láti Fẹ́

Fáànù hítà, tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní bulówà, ló ń ti atẹ́gùn wọ inú ọkọ̀. Òun kọ́ ló ń dá ooru sílẹ̀. Omi gbígbóná tó ń ti ẹ́ńjìnì bọ̀ máa ń gba inú rédíétọ̀ kékeré kan kọjá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, fáànù á fẹ́ atẹ́gùn gba àárín rẹ̀, ooru á sì dé ọ̀dọ̀ èrò. Fáànù kan náà ló ń gbé atẹ́gùn tútù éèsì jáde. Bí awakọ̀ Èkó bá ń ráhùn pé éèsì òun ò fẹ́ mọ́, tí awakọ̀ Manchester sì ń ráhùn pé hítà òun ti kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn kan náà ló ń ṣe ọkọ̀ méjèèjì.

Ní Britain, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti òtútù. Láàárọ̀ ìgbà òtútù, èémí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ máa ń bo gíláàsì iwájú bí ìkùukùu, atẹ́gùn gbígbẹ tí fáànù ń fẹ́ ló sì ń nù ún kúrò. Highway Code, ìwé ìlànà ìrìnnà wọn, pa á láṣẹ pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè ríran gba ojú gíláàsì rẹ̀ kó tó gbéra.

Ìbéèrè tí rewáyà tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ bi onímọ́tò ni pé: ṣé gbogbo nọ́ńbà swíìsì fáànù ló kú, àbí ó ku ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́? Bí nọ́ńbà 1 dé 3 bá dákẹ́, tí nọ́ńbà 4 nìkan ń fẹ́ bí ìjì, kò sí ohun tí a ń wá lọ sí ìdí fíúsì. Rẹ́sísítọ̀ ló jó. Wáyà lílọ́ mélòó kan ló wà lára rẹ̀, wọ́n ń dín agbára iná kù kó tó dé ọ̀dọ̀ fáànù. Nọ́ńbà 1 ń gba gbogbo wọn kọjá, nọ́ńbà 2 ń fo díẹ̀, nọ́ńbà tó ga jù kì í yà síbẹ̀ rárá, tààrà ni iná rẹ̀ ń lọ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yè nígbà tí àwọn yòókù bá kú.

Rẹ́sísítọ̀ máa ń gbóná gan-an, nítorí náà inú ihò atẹ́gùn gan-an ni wọ́n ń gbé e sí, kí fáànù tó ń dín agbára rẹ̀ kù náà lè máa fẹ́ ẹ tutù. Fíúsì kékeré kan tún wà lára rẹ̀ tí ooru máa ń já bí ó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ra rẹ́sísítọ̀ tuntun, tó fi í síbẹ̀, tó sì rọra bá tirẹ̀ lọ, kò tíì wádìí tán. Kí ló dé tó fi jó? Lọ́pọ̀ ìgbà, mọ́tò fáànù ló ti darúgbó: búùṣì rẹ̀ ti gbẹ, ìpata ti mú un, ó ń yí tipátipá, ó sì ń fa iná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ewé àti eruku ló dí fílítà inú ọkọ̀ pa, atẹ́gùn tó yẹ kó tu rẹ́sísítọ̀ lára kò tó mọ́. Tuntun náà á tún jó.

Àwọn kan máa ń fi lẹ́ẹ̀dì jó fíúsì ooru yẹn pọ̀. Mi ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ tó burú tó bẹ́ẹ̀ nídìí hítà. Nígbà tí 2015 fi ń parí lọ, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Vauxhall ti ń pe ọkọ̀ Zafira B tó lé ní 200,000 padà fún àyẹ̀wò ní Britain, torí pé ìdí hítà ni iná ti ń ràn nínú wọn. Àlàyé ilé iṣẹ́ náà nígbà náà ni pé àwọn kan ti tún fíúsì ooru rẹ́sísítọ̀ ṣe lọ́nà àìtọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n ti gbé lọ ṣe tún gbiná, wọ́n sì ní láti pè wọ́n padà lẹ́ẹ̀kejì ní 2016. Ìgbìmọ̀ ìrìnnà ní House of Commons, ilé aṣòfin wọn, dá sí i, ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2017, ó sì bá ilé iṣẹ́ náà wí pé ó lọ́ra jù.

Bí gbogbo nọ́ńbà bá kú pátápátá, ọ̀nà míì la máa gbà. Fíúsì la ó kọ́kọ́ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ti 30 áńpíà ni. Bó bá já, tí tuntun náà tún já lójú ẹsẹ̀, wáyà kan ti bó tàbí kí mọ́tò ti há. Ẹni tó bá fi fíúsì tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ ń sọ wáyà di fíúsì ni. Rílè ló kàn: ẹ yọ èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá a mu nínú àpótí náà, ẹ fi pààrọ̀, kí ẹ wò ó bóyá fáànù máa jí.

Lẹ́yìn èyí, ó di ìdí fáànù fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn àpótí kékeré iwájú èrò, tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní pigeonhole, ni ó sábà máa ń wà. A ó tan swíìsì, a ó sì fi mítà wọn iná lẹ́nu ibi tí wáyà ti wọ mọ́tò. Bí 12 fólítì bá dé ibẹ̀ tí fáànù ò yí, mọ́tò ló kú, tàbí wáyà tó yẹ kó so ó mọ́ irin ara ọkọ̀ ló já. Bí iná ò bá dé ibẹ̀, ẹ̀yìn la ó padà sí. Kí ẹ wo ike ẹnu wáyà náà dáadáa: fáànù tó ń fa 20 áńpíà ń jẹ iná gílóòbù 60 wáàtì mẹ́rin, nítorí náà partial contact díẹ̀ ti tó láti yọ́ ike ibẹ̀ tàbí láti sọ ọ́ di dúdú.

Àwọn àgbà iṣẹ́ ní ọgbọ́n kan. Wọ́n á fi ìdí sikurudíráfà gbá mọ́tò náà jẹ́jẹ́ nígbà tí swíìsì wà ní títàn. Bó bá ta gìrì, tó bẹ̀rẹ̀ sí yí, kábọ̀n inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ó lè fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan sí i, kó tún dákẹ́. Ẹ fi ọwọ́ yí fáànù náà wò pẹ̀lú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná. Ìtẹ́ eku wọ́pọ̀ níbẹ̀. Bí ewé bá sì dí ojú ìṣàn omi lábẹ́ gíláàsì iwájú, omi òjò á máa kán sí mọ́tò lórí.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń fúnra wọn díwọ̀n ooru kò ní rẹ́sísítọ̀ onílílọ́ yìí. Tiransísítọ̀ ló ń darí fáànù tiwọn, àṣẹ láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ló sì ń tẹ̀ lé, torí náà àdììtú nọ́ńbà 4 tó yè kò sí níbẹ̀. Bí tiransísítọ̀ bá bàjẹ́, fáànù lè má fẹ́ rárá. Ó sì lè ṣe òdìkejì: kí awakọ̀ yọ kọ́kọ́rọ́, kó tilẹ̀kùn, kó wọlé lọ sùn, kí fáànù máa fẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ tí bátìrì á ti kú.