Ta Ló Kọ́ Àwọn Gíríìkì Ní Ère Gbígbẹ́?

Ìtàn kan wà nípa iṣẹ́ ọnà tó ti pẹ́ nílẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Wọ́n ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló kọ́kọ́ fi òkúta gbẹ́ ère ọmọ ènìyàn tó péye, àwọn náà ló kọ́kọ́ gbé òpó òkúta ró sábẹ́ òrùlé ojúbọ, àti pé láti inú orí ara wọn ni wọ́n ti hú gbogbo rẹ̀ jáde, láìsí olùkọ́, láìsí ọ̀gá. Irọ́ ni. Kì í sì í ṣe irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí òun ni wọ́n fi gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa kúrò lọ́wọ́ wọn.

Johann Winckelmann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, wà lára àwọn tó fẹsẹ̀ ìtàn yìí múlẹ̀ jù lọ, nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ ọnà àtijọ́ tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1764. Lójú tirẹ̀, ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gíríìsì àti òmìnira àwọn ará ibẹ̀ ló bí ẹwà iṣẹ́ wọn. Ó ní wọn kò gba irúgbìn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ọkùnrin yìí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gíríìsì rí. Róòmù ló jókòó sí, ẹ̀dà tí àwọn ará Róòmù ṣe sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ère tó ń wò. Ọ̀dà ti ṣí kúrò lára wọn, wọ́n wá funfun báláú, òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e sì gbà pé bí àwọn Gíríìkì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kíkùn ni wọ́n ń kun ère wọn. Àmì ọ̀dà ṣì wà lára ère ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Peplos Kore, ní Áténì, títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká fojú sí ère kan ṣoṣo. Ó wà ní Metropolitan Museum ní New York, ère ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n fi mábù gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 590 ṣáájú ìbí Kírísítì. Gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó míta méjì. Ó nàró gbọnrangandan, ó kọjú síwájú, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ìbàdí rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́. Apá méjèèjì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan, ó sì di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ló gbé síwájú, síbẹ̀ ìbàdí rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ti rí ère àwọn ọba àti ìjòyè Íjíbítì rí ti mọ ìdúró yìí. Ẹ̀ṣẹ́ dídì náà nìyẹn, èjìká náà nìyẹn, ẹsẹ̀ òsì náà nìyẹn. Àwọn ará Íjíbítì sì ti ń gbẹ́ ère bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí 2,000 ọdún kí ti New York tó dáyé.

Kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Láti ayé Psamtik kìíní, tó gorí oyè ní Íjíbítì lọ́dún 664 ṣáájú ìbí Kírísítì, ni ọba ibẹ̀ ti ń háyà àwọn jagunjagun Gíríìkì. Àwọn oníṣòwò Gíríìkì sì tẹ̀dó sí Naukratis, ní àgbègbè ẹnu Odò Náílì. Nígbà tí Psamtik kejì rán ogun lọ sí ilẹ̀ Kúṣì ní gúúsù, ní nǹkan bí ọdún 592, àwọn Gíríìkì bá ogun náà lọ, wọ́n dé Abu Simbel, wọ́n sì fín orúkọ ara wọn sí ẹsẹ̀ ère Ramesses kejì, tó ga tó nǹkan bí 20 míta. Orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa: ìgbà kan náà ni pẹ̀lú ère New York. Àwọn tó ń gbẹ́ ère ní Gíríìsì nígbà náà jẹ́ ará ilé àwọn tó ti fọwọ́ kan òkúta Íjíbítì.

Diodorus, òpìtàn Gíríìkì ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Kírísítì, sọ ìtàn àwọn ọmọ ìyá méjì kan, Telekles àti Theodoros. Ó ní èkínní gbẹ́ ìlàjì ère Apollo ní erékùṣù Samos, èkejì gbẹ́ ìlàjì yòókù ní Éfésù, òkun sì wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n pa á pọ̀, ó bá ara mu bíi pé ọwọ́ kan ló ṣe é. Diodorus ní ọgbọ́n àwọn ará Íjíbítì nìyẹn: wọ́n á pín ara ènìyàn sí ọ̀nà 21 àti ìdá kan nínú mẹ́rin, tí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á fi mọ ìwọ̀n tirẹ̀ láìrí ẹnìkejì. Bóyá wọ́n fi iyọ̀ sí ìtàn àwọn ọmọ ìyá yìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìwọ̀n náà kì í ṣe àlọ́. Ìlà onígun mẹ́rin tí àwọn agbẹ́kùúta Íjíbítì fà ṣì hàn lára iṣẹ́ tí wọn kò parí, ó sì jẹ́ 21 láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ojú ní àsìkò tí à ń wí yìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wọn ère New York, ìwọ̀n ara rẹ̀ sún mọ́ ti Íjíbítì pẹ́kípẹ́kí.

Ní ti ilé, ọ̀rọ̀ náà díjú díẹ̀. Igi àti bíríkì amọ̀ ni àwọn Gíríìkì kọ́kọ́ fi kọ́ ojúbọ. Ní ojúbọ òrìṣà Hera ní Olympia, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 600 ṣáájú ìbí Kírísítì, àwọn òpó òkúta kò jọra, wọn kò sì sanra bákan náà, nítorí wọ́n ń fi wọ́n rọ́pò òpó igi lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìran dé ìran. Nígbà tí Pausanias, arìnrìn-àjò Gíríìkì kan, dé ibẹ̀, ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kírísítì, ó bá òpó igi óákù kan tó ṣì dúró. Igi tiwọn ni wọ́n sọ di òkúta. Ṣùgbọ́n òpó òkúta tí wọ́n gbẹ́ ojú rẹ̀ ní ìlà-ìlà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ti Gíríìkì, ti wà ní Saqqara ní àgbàlá ọba Djoser láti nǹkan bí ọdún 2650 ṣáájú ìbí Kírísítì.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Lọ́dún 1910, Leo Frobenius, ọmọ Jámánì mìíràn, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí Olókun, ó rí àwọn orí amọ̀ sísun, ẹnu sì yà á. Dípò kó bi àwọn ará Ifẹ̀ nípa àwọn baba wọn, ó so iṣẹ́ náà mọ́ Atlantis, ilẹ̀ tí Plato ní òkun gbé mì, àti mọ́ àwọn Gíríìkì tó ní wọ́n ti tẹ̀dó sí etíkun wa láyé àtijọ́. Àwọn tó gbẹ́ ọnà Ifẹ̀ gbé ayé ní nǹkan bí ọ̀rúndún 12 sí 15 lẹ́yìn ìbí Kírísítì. Nígbà tí àwọn tó ń wa ilẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé sì kan àwọn orí idẹ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, kò sí Gíríìkì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà pé Gíríìkì nìkan ni Ọlọ́run fún ní ọgbọ́n àtigbẹ́ ojú ènìyàn, kí ni ì bá tún sọ?

Nítorí ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú àwa aláwọ̀ dúdú fi ń sọ pé olè ni Gíríìkì, pé wọn kò dá nǹkan kan ṣe. Mo mọ ibi tí ìbínú náà ti ṣẹ̀, síbẹ̀ òkúta kò jẹ́rìí sí i. Ère òkúta Íjíbítì tó bá wà ní ìdúró sábà máa ń fẹ̀yìn ti òpó, wọn a sì fi òkúta sílẹ̀ láàárín apá àti ìhà. Ọ̀dọ́kùnrin New York kò fẹ̀yìn ti nǹkan kan. Wọ́n gbẹ́ àárín apá rẹ̀ yọ, wọ́n gbẹ́ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì ló gbé gbogbo ara. Ìhòòhò ló sì wà, bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọn ti máa ń wà lórí pápá ìdíje.

Ó lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí kí ère tí wọ́n ń pè ní Ọmọkùnrin Kritios tó dé, ní nǹkan bí ọdún 480 ṣáájú ìbí Kírísítì. Ó wà ní Áténì. Ẹsẹ̀ kan ló gbé ara lé, orúnkún kejì tẹ̀, ìbàdí wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí sì yí díẹ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ àwọn ará Íjíbítì kò lè ṣe èyí. Ère tiwọn jẹ́ ibùgbé fún ẹ̀mí òkú, ibi tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún un, kò sì yẹ kó máa yí padà. Plato pàápàá yìn wọ́n pé wọn kò yí àwòrán wọn padà. Àwọn Gíríìkì ní tiwọn ń gbé ère fún òrìṣà àti sórí sàréè níbi tí ìdílé ti ń bá ìdílé figagbága, agbẹ́kùúta sì ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lára. Polykleitos, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ ère wọn, tiẹ̀ kọ ìwé lórí ìwọ̀n: ìka sí ìka, ìka sí àtẹ́lẹwọ́, ọrùn ọwọ́ sí apá. Ó ṣe ère idẹ ọkùnrin kan tó gbé ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ láti fi ìwọ̀n náà hàn lára ẹni tó ń mira. Ìwé náà sọnù, ère idẹ náà sọnù. Ẹ̀dà mábù tí wọ́n hú ní Pompeii, tó wà ní Naples báyìí, la fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Róòmù ló ṣe é, wọn kò sì fi pa mọ́ pé ọ̀dọ̀ Gíríìkì ni wọ́n ti kọ́ ọ.