Ojú Tí Orin Ní: Páálí Rẹ́kọ́ọ̀dù àti Iwájú Ìwé Ìròyìn Olórin láti Èkó dé Kútọnu

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ìdáàṣà tó ń lọ sí Djougou yóò gba Savalou àti Bantè kọjá kó tó kan Manigri, lẹ́yìn náà yóò dé Bassila. Nàgó ni wọ́n ń sọ ní Manigri, irú èyí tó bá ti Kambolé nílẹ̀ Togo tan, ọmọ Yorùbá tó bá sì fara balẹ̀ yóò mú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ jìnnà sí Kútọnu, ó sì jìnnà sí Èkó, bẹ́ẹ̀ ìlú méjèèjì yìí ni orin ti ń jáde. Láyé rẹ́kọ́ọ̀dù, inú páálí ni orin ti ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá orin náà dùn, ojú ti rí páálí, ojú sì ti bá àpò sọ̀rọ̀.

Mo gbà pé orí páálí yìí ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ bí a bá fẹ́ pìtàn bí wọ́n ṣe ń ṣe iwájú ìwé ìròyìn olórin nílẹ̀ wa. Ìwé ìròyìn tó dá lórí orin nìkan kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa láyé ìgbà yẹn. Iṣẹ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe nílẹ̀ òkèèrè, kí ó fi ojú olórin han ará ìlú, kí ó sọ ohun tó ń lọ, kí ó gbè sẹ́yìn ẹnìkan tàbí kí ó bu ẹnìkan, páálí ló ṣe é fún wa.

Lókè òkun, ìwé ìròyìn olórin ti pẹ́. DownBeat bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní 1934, New Musical Express sì bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1952. Èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ jù, Rolling Stone, San Francisco ló ti jáde, ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1967. John Lennon ló wà níwájú rẹ̀, nínú aṣọ sójà tó wọ̀ nínú fíìmù kan, ó dé akoto ogun. Rick Griffin, ẹni tó máa ń ya pátákó ìpolówó òde orin, ló fọwọ́ ya lẹ́tà orúkọ ìwé náà. Òkè pátápátá ni wọ́n kọ orúkọ ọ̀hún sí, ó sì nídìí. Lórí àtẹ, ìwé kan máa ń gun ìwé kejì, òkè nìkan ló ń yọ síta. Bí orúkọ bá wà nísàlẹ̀, ẹni tó ń kọjá kò ní rí i. Lẹ́yìn orúkọ ni ojú ènìyàn, ojú tó ń wo ọ tààrà, nítorí ẹni tí ojú bá ń wò lọ́jà yóò dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé ìròyìn alápapọ̀ ló ń gbé olórin. Ní Dakar, Ousmane Socé Diop dá Bingo sílẹ̀ ní 1953, ìwé oṣooṣù tó kún fún fọ́tò, tí àwọn tó ń ka Faransé láti Senegal dé Dahomey, tó di Benin lẹ́yìn náà, ń rà. Àwọn òǹkàwé pàápàá ń fi fọ́tò ara wọn ránṣẹ́ sí i. Ọmọ Kútọnu ni akéwì Paulin Joachim, tí wọ́n bí ní 1931, òun ló sì ṣe olóòtú àgbà Bingo ní àwọn ọdún 1960. Nígbà náà, ọmọ ilẹ̀ Benin ló ń ṣètò ìwé tí ojú olórin wa ń gbà dé ìlú mìíràn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Drum, tó bẹ̀rẹ̀ ní South Africa ní 1951, ní ẹ̀dà tirẹ̀ fún Nàìjíríà àti Ghana. Àwa Yorùbá sì ní Àtọ́ka, ìwé tó ń fi fọ́tò sọ eré àwọn òṣèré alárìnjò, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wà nínú fọ́tò náà. Nínú gbogbo wọn, orin wà níbẹ̀ bí àlejò tí wọ́n fi àga fún. Kò ní ilé tirẹ̀.

Ilé tirẹ̀ ni páálí. Ní àkókò kan, páálí kò ní àwòrán rárá. Bébà aláwọ̀ ilẹ̀ ni, tí wọ́n lu ihò sí láàárín kí a lè ka orúkọ orin lára àwo. Ní nǹkan bíi 1940 ni Alex Steinweiss, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia gbà síṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, rọ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ya àwòrán sí i. Títà àwo gbéra. Láti ìgbà náà ni páálí ti di ohun tí ènìyàn ń gbé kọ́ ara ògiri. Páálí àwo ńlá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 31 ní ìbú àti òró. Ó tóbi ju ìwé ìròyìn lọ, ayàwòrán sì lè na ọwọ́ lórí rẹ̀.

Ní Èkó àti Ìbàdàn, àṣà kan ti wà nílẹ̀ fún páálí jùjú àti àpàlà. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ni yóò dúró níwájú, pẹ̀lú agbádá àti fìlà, fọ́tò tí wọ́n yà ní sítúdíò tàbí lábẹ́ igi. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti gìtá. Orúkọ rẹ̀ yóò tóbi, oyè rẹ̀ yóò tẹ̀lé e. Ojú ọlá ni, ó sì bá orin náà mu, nítorí orin tó ń ki ènìyàn níláti ní ojú tó ṣeé kí. Nígbà tí Haruna Ishola àti I.K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Star sílẹ̀ ní 1969, olórin fúnra rẹ̀ di ẹni tó ń pinnu ohun tí yóò wà lójú páálí. Síbẹ̀, fọ́tò ọ̀gá ló ṣì ń borí.

Ẹni tó yí i padà kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1955 ni wọ́n bí Lemi Ghariokwu ní Èkó. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ àwòrán. Ní 1974, àwòrán Bruce Lee kan tó yà wà lára ògiri ilé ọtí kan, ibẹ̀ ni akọ̀ròyìn Babatunde Harrison ti rí i. Ọ̀rẹ́ Fẹlá Kuti, olórin Afrobeat, ni Harrison. Ó wá ọmọ náà kàn, ó ní kó ya Fẹlá fún òun. Nígbà tó rí iṣẹ́ náà, ó mú ọmọ àti àwòrán lọ bá Fẹlá. Fẹlá yọ ìwé sọ̀wédowó, ó kọ náírà 120 sí i. Lemi kò gbà á, ó ní ẹ̀bùn ni. Fẹlá bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé pélébé kan fún un, tí yóò fi máa wọ Ṣíráìnì, ilé orin Fẹlá, nígbàkigbà láìsanwó.

Mo máa ń ronú sí ìwé pélébé yẹn ju náírà náà lọ. Òun ló jẹ́ kí Lemi máa gbọ́ orin kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀, nítorí Fẹlá máa ń kọ orin tuntun ní Ṣíráìnì fún ọjọ́ pípẹ́ kó tó wọ sítúdíò. Lemi á jókòó, á gbọ́ orin, á gbọ́ àríyànjiyàn ilé, á wá lọ ya ohun tí ọkàn rẹ̀ bá sọ. Ọwọ́ akọ̀ròyìn nìyẹn: ẹni tó wà níbi tí ọ̀ràn ti ń ṣẹlẹ̀ ló ń ròyìn rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni Alagbon Close, 1974. Alágbọn ni ọ́fíìsì ọlọ́pàá tí wọ́n ti ti Fẹlá mọ́lé. Lójú páálí, Fẹlá ti já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó ń jó. Ẹ̀wọ̀n wà ní apá kan, Kàlàkútà, ilé Fẹlá, wà ní apá kejì. Nínú omi, ẹja àbùùbùtán ń dojú ọkọ̀ ojú omi ọlọ́pàá dé. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè ka páálí yìí láti òkè dé ilẹ̀. Ní 1976 ni Yellow Fever jáde, àwòrán obìnrin tó ń bó ara, tí ojú rẹ̀ ti hun nítorí ìpara, ìpara náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Ní ọdún kan náà, fún Zombie, Lemi gbé kíkùn sílẹ̀, ó mú fọ́tò àwọn sójà, ó gé wọn, ó tò wọ́n mọ́ ti Fẹlá. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ Kàlàkútà, wọ́n sì dáná sun ún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Fẹlá kọ àwòrán tí Lemi yà fún Sorrow Tears and Blood, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀nà àwọn méjèèjì sì yà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún jọ ṣiṣẹ́, ìyẹn ló bí Beasts of No Nation ní 1989, níbi tí Botha, Thatcher àti Reagan, àwọn olórí ayé ìgbà náà, ti di ẹranko oníwo. Páálí 26 ni Lemi ṣe fún Fẹlá lápapọ̀, láìka ọ̀pọ̀ tó ṣe fún àwọn mìíràn. Ó máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ayé mọ̀ pé ènìyàn kan ló jókòó tó yà á. Ní 2003, nígbà tí New Museum ní New York ṣe àfihàn lórí Fẹlá, iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ògiri níbẹ̀.

Kí àwòrán tó di páálí, ó ní ọ̀nà tó ń gbà. Ayàwòrán á kùn ún tóbi ju bí yóò ti rí lọ, kí àbùkù ọwọ́ lè sá nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di kékeré. Lẹ́tà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya á, tàbí kí wọ́n lo èyí tí a ń fi nǹkan tẹ̀ láti orí ọ̀rá sórí bébà. Ní ilé ìtẹ̀wé, wọ́n á ya fọ́tò àwòrán náà lẹ́ẹ̀mẹrin láti fọ́ àwọ̀ rẹ̀ sí mẹ́rin: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní páànù tirẹ̀, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ wọ́n lé ara wọn. Bí páànù kan bá yẹ̀ díẹ̀, ètè olórin á jáde kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ páálí olówó pọ́ọ́kú fi dúró lórí àwọ̀ méjì, tí ayàwòrán tó gbọ́n á wá fi méjì yẹn dárà bíi mẹ́fà.

Ní apá ti Benin, orúkọ tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni Albarika Store, tí oníṣòwò Seidou Adissa dá sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Kò sí ẹni tó ń sọ èdè wa tí yóò bi wá ní ìtumọ̀ rẹ̀: alùbáríkà ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu, tí Mélomé Clément kó jọ ní 1968, ti gba ọ̀pọ̀ orin sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ohùn náà dán, wọ́n á kọjá ibodè lọ sí sítúdíò EMI ní Èkó. Ìlù sàtò àti ti àwọn ẹlẹ́ṣin ìbílẹ̀ ni wọ́n fi sí abẹ́ gìtá iná. Lójú páálí, ẹ ó rí wọn nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àti orúkọ ńlá tí wọ́n fún ara wọn ní Faransé, Tout Puissant, alágbára jùlọ.

Páálí àwọn ará Kútọnu tún ní ohun kan tí mo fẹ́ràn. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1975 ni Dahomey di Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àwọn Ènìyàn Benin. Páálí tó bá ṣì ń pe orílẹ̀-èdè náà ní Dahomey, èyí tó ti wà kí orúkọ tó yí ni. Èyí tó bá sọ pé Benin, ẹ̀yìn ìyẹn ló jáde. Ìtàn ìlú wà nínú lẹ́tà kéékèèké ẹ̀yìn páálí. Èmi a máa yí i sẹ́yìn kí n tó wo iwájú tán: orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà àwo, orúkọ ẹni tó kọ orin. Orúkọ ẹni tó ya iwájú ni mo máa ń wá jù, òun gan-an ni kì í sí lára ọ̀pọ̀ wọn. Ó dùn mí. Ọwọ́ tó fún orin lójú kò yẹ kó jẹ́ ọwọ́ aláìlórúkọ.

Nígbà tí káàsẹ́ẹ̀tì gba ìgboro, ojú orin sún kì. Láti sẹ̀ǹtímítà 31, ó di ohun tó wọ àtẹ́lẹwọ́. Ojú olórin nìkan ló kù, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n kọ gbàgàdà. Ilé Kàlàkútà àti ẹja kò lè gba irú àyè bẹ́ẹ̀. Síídì tẹ̀lé e pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 12. Àsìkò yìí gan-an ni ìwé ìròyìn olórin wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó: Ayo Animashaun bẹ̀rẹ̀ Hip Hop World ní 1995, ìwé náà ló sì bí àmì-ẹ̀yẹ tí a ń pè ní The Headies lónìí, láti 2006. Páálí ti kéré, ìwé gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ní 2008, Samy Ben Redjeb ti Analog Africa kó orin àtijọ́ Benin àti Togo jáde nínú African Scream Contest, ó sì kó ti Poly-Rythmo jáde nínú The Vodoun Effect. Ó fi ìwé tó nípọn sínú wọn, pẹ̀lú fọ́tò àtijọ́ àti ìtàn láti ẹnu àwọn olórin fúnra wọn. Páálí tún di ìwé ìròyìn. Àwọn àgbà Poly-Rythmo tún gbé gìtá, wọ́n ṣeré káàkiri Yúróòpù láti 2009, àwo Cotonou Club sì jáde ní 2011, ọdún kan kí Mélomé tó kú.

Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń béèrè àwòrán onígun mẹ́rin tó ní píkísẹ́ẹ̀lì 3000 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ayàwòrán á fi gbogbo agbára ṣe é, fóònù á wá fi hàn ní ìwọ̀n èékánná. Lálẹ́ àná mo ṣí Beasts of No Nation lórí fóònù mi. Àwọn olórí ayé ti di ẹ̀kán pupa àti dúdú. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, mo tún fẹ̀ ẹ́, títí ìwo fi yọ lórí Botha.